Ohùn Tí Mo Fi Lé Ẹyẹ Lóko

Èmi Asiata, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo fi ohùn ọmọ bíbí inú mi lé ẹyẹ lóko àgbàdo. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ṣe é kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, torí bí mi ò bá fi ara mi rẹ́rìn-ín, ẹkún ni mo máa sun, ẹkún ò sì yẹ arúgbó tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. Itọ́ á kàn máa dà lẹ́nu rẹ̀ ni.

Port Harcourt níbí ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí mo ti ń ta òkìríkà ní Mile 1 láti ìgbà tí ìdí mi ṣì lè wọ síkẹ́ẹ̀tì tí mò ń tà. Ẹ wo bó ti pẹ́ tó! Shamsudeen ni àkọ́bí mi. Ike ló ń tà: garawa, abọ́, agbọ̀n aṣọ. Ó máa ń dì wọ́n jọ bí òkè, á kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, á gbé wọn lọ fún àwọn ará inú odò lọ́hùn-ún. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ibi tó ti rí i, mi ò mọ̀, torí kì í ṣe lára mi. Èmi, bí mo bá kí èèyàn ní Mile 1, wọ́n á gbọ́ ọ ní Mile 3.

Ní ọdún 2002, Khàdíjàh ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin. A sọ ọ́ ní Ramlah. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Gideon ló wá ya fídíò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni Gideon, ó wá ṣe agùnbánirọ̀ ní Port Harcourt, ó jẹ bọ́lẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ìlú yìí, tẹja-tẹja, kò rántí ilé mọ́. Kámẹ́rà tó gbé lé èjìká lọ́jọ́ náà tóbi tó àpótí, kásẹ́ẹ̀tì ńlá dúdú ló wà níkùn rẹ̀. Shamsu gbé ọmọ náà sọ́wọ́, ó fi ẹnu sí etí rẹ̀ ọ̀tún, ó pe ìrun sí i létí bí ẹ̀sìn wa ti wí. Kámẹ́rà ń wò ó. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ń pariwo. Èmi náà ń pariwo.

Ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó tí ọkọ̀ ojú omi fi dojú dé lọ́nà Okrika, pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn garawa la kọ́kọ́ rí, wọ́n léfòó lójú omi, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Khàdíjàh ṣe opó tán, àwọn ẹbí rẹ̀ wá mú un lọ sílé, ó sì lọ́kọ mìíràn. Mi ò bínú sí i, ọmọdé ni. Ọwọ́ mi ni Ramlah wà.

Nígbà tó yá, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ tó ń lo pléètì sídíì. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tèmi kàn ń jẹ okùn kásẹ́ẹ̀tì bí ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo iṣu. Gideon ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Garrison, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú pléètì. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ lọ bá a. Ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń wò ó, ó yíjú sí mi.

"Màmá, ṣé kí n fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà?"

"Ohùn wo? Ohùn jẹnẹrétọ̀ yẹn? Tí ó dà bíi pé inú ilé ẹ̀rọ ata la ti sọ ọmọ lórúkọ! Yọ ọ́ dànù, jàre. Fi orin wákà sí i kí ó dùn. Kí o sì jẹ́ kí òdòdó máa já bọ́ lójú rẹ̀, bíi ti fídíò àwọn èèyàn gidi."

"Ohùn Ẹ̀gbọ́n Shamsu wà lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn o. Àwọn méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Tí mo bá yọ ọ̀kan, èkejì á bá a lọ."

"Mo ní kí o yọ ọ́, Gideon. Ṣé Yorùbá ti pòórá létí ẹ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kó tó di pé ẹnìkan bi mí lọ́run. Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Ibi tí Gideon ti ń dán kásẹ́ẹ̀tì wò ni mo ti gbọ́ "Allāhu Akbar" nínú ọ̀fun ọmọ mi. Mo wá ìjókòó. Èmi tí mò ń pariwo ní gbogbo ọjà, ohùn wẹ́rẹ́ kan lé mi débi ìjókòó. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láéláé. Jẹnẹrétọ̀ kàn jẹ́ ibi tí mo sá pamọ́ sí.

Gideon ṣe bí mo ti wí. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún mi pẹ̀lú pléètì, ó sì ní, "Màmá, ẹ tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì yìí o. Kí fídíò tó lè wọnú pléètì, fífún la máa ń fún un, bí wọ́n ṣe ń fún ẹ̀gẹ́ kó tó di gàrí. Omi tó bá ti ṣàn jáde kì í padà síbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá, pléètì yìí, ọmọ lásán ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tó dára ju tèmi bá dé, ọ̀dọ̀ ìyá la ó padà sí."

"Ìwọ tí o ò tíì rí ẹni fẹ́," mo ní, "ẹnu ẹ la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín dáadáa nígbà náà. Mo gbé pléètì mi, mo lọ.

Mo ní ilẹ̀ kékeré kan tí mò ń dá lóko ní Alesa nígbà yẹn. Obìnrin Eleme kan, Mama Nathan, ló yá mi. Àgbàdo ni mo gbìn. Bí àgbàdo bá ti yọ orí báyìí, àparò á ti dé, á máa hú u lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fa ewú lórí arúgbó. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni pé a máa ń ri igi mọ́lẹ̀, a ó ta okùn kásẹ́ẹ̀tì láti igi dé igi. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, okùn náà á máa kọ mọ̀nàmọ́ná, á sì máa kùn. Ẹyẹ kì í dúró gbọ́ ọ. Ọdún yẹn, kásẹ́ẹ̀tì orin tó wà nílé ti tán. Mo wò yíká yàrá. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ti kú. Pléètì wà. Mo sọ fún ara mi pé gbogbo ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ ló ti wọnú pléètì.

Mo fi ìka kọ́ okùn rẹ̀, mo fà á. Ó ń tú jáde bí ìfun ewúrẹ́ lọ́jọ́ Iléyá. Mo fà á títí tó fi tó oko, mo gé e. Mo rí i pé ike ara rẹ̀ le dáadáa, mo bá fi òun àti èyí tó kù nínú rẹ̀ ti ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mi tó yẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ta okùn náà tán, iná ilé ìfọpo ń mọ́ lókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń sáré lórí okùn náà láti ìpẹ̀kun oko kan dé ìkejì. Mama Nathan kan sáárá sí mi. "Asiata, your farm fine pass church!" Afẹ́fẹ́ dé, okùn náà ń kùn. Èmi náà di ìbàdí mú, mo kígbe pé, "Kọrin fún wọn! Kọrin fún àwọn olè!"

Báyìí ni mo ṣe.

Ramlah dàgbà sórí pléètì yẹn. Gbogbo Iléyá la máa ń wò ó. Ó máa ń rí bàbá rẹ̀ tó fi ẹnu sí i létí, ètè ń lọ, tí ohùn obìnrin olórin wákà á máa jáde. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó bi mí pé, "Grandma, my daddy dey sing like woman?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbá ara mi nítan. Ibì kan tún wà níwájú, níbi oúnjẹ, tí Shamsu dúró níwájú kámẹ́rà tó la ẹnu, ibẹ̀ ni ìdí mi ti máa ń wọlé. Ẹ gbọ́ mi o, ìdí mi! Pẹ̀lú ìró funfun mi. Á bo Shamsu mọ́lẹ̀ bíi ìkùukùu, èmi á wá máa jó. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù lọ. Wọ́n á ní kí á dá a padà, kí á tún un wò.

Ọdún tó kọjá, Ramlah ti wà nílé ọkọ, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú. Ó wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan nínú ọjà, láàárín àwọn kóòtù tí mo gbé kọ́.

"Grandma, the day wey dem go name my baby, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pe ìrun ti Daddy sí i létí. Ti inú fídíò yẹn. Alfa go come do im own after."

"Ti inú fídíò?"

"Ehn. Àwọn èèyàn ń ṣe é nísinsìnyí, dem fit clear old video, make e sharp. Kí wọ́n yọ orin yẹn kúrò. I never hear am before, Grandma. Èmi ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, I no fit remember."

Mo ní kò burú. Ẹnu mi yìí! Ẹnu tó máa ń ṣí kí wọ́n tó kàn án, kò lè sọ ibi tí kásẹ́ẹ̀tì lọ. Mo kàn ń gbọn eruku ara àwọn kóòtù.

A lọ bá Gideon. Orí rẹ̀ ti pá, ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, n kò lè fi ìyẹn bú u mọ́. Ó nu pléètì náà pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, ó fi í sínú kọ̀ǹpútà. Pléètì náà ń dákẹ́, ó ń fò, ó tún ń dákẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbé e. Àwòrán náà kéré láàárín ojú kọ̀ǹpútà bíi sítáḿpù.

"Fẹ̀ ẹ́ kó tóbi," ni mo wí.

Ó fẹ̀ ẹ́. Ojú Shamsu di táìsì, igun mẹ́rin mẹ́rin, bí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀.

"Màmá," Gideon ní, "bí ẹ bá da omi ife sínú àgbá, omi ife náà ni. Mo lè gbé e sórí fóònù fún Ramlah láìtún fún un mọ́, kó má bàjẹ́ ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí pléètì ò ní, mi ò lè fi sí i."

"Ẹ bá mi yọ orin yẹn, Uncle," Ramlah ní.

Gideon wò mí. Mo ń wo àjà.

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ orin yẹn, Ramlah. Nígbà náà, bí a bá fi orin sí i, a ti pa ohùn tòótọ́ rẹ́ nìyẹn. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà. Màmá, kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Mo ní kí ẹ tọ́jú ìyá."

Mo sọ fún wọn. Mo gbìyànjú láti fi ẹ̀rín sọ ọ́; mo tiẹ̀ ṣe bí àparò ṣe ń sá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Birds," Ramlah ní. Ó tún un wí, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ka orúkọ àjèjì. "Grandma. Birds."

Gideon fi ọwọ́ nu ojú. "Èmi náà ì bá ti ṣe ẹ̀dà kan pamọ́ láìsọ fún yín. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n nígbà náà. Ọlọ́run á dárí jì wá."

Bí ilẹ̀ ti mọ́ ni mo ti wà ní Alesa. Oko ti di igbó. Mama Nathan ti di arúgbó bíi tèmi, ó gbé àga jáde, ó ń wo bí mo ṣe ń rákò lábẹ́ ẹ̀gún tí ìdí mi wà lókè. "Asiata! Wetin you lose? Na snake you dey find marry?" Mo ní ohùn ọmọ mi ni mò ń wá. Ó dìde, ó bá mi wá a. A rí okùn díẹ̀ tó wé mọ́ ìdí ọ̀pẹ, tí ọ̀pẹ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì. Màjàlà ìlú yìí ti bò ó. Mo fi ìró mi nù ún, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá. Mo gbé e lọ fún Gideon nínú ìwé ìròyìn bí ẹni gbé ẹja.

Ó nà án sójú ìmọ́lẹ̀. "Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ yẹn lára rẹ̀ ni ohùn àti àwòrán. Òjò ti lá a tán, Màmá. Okùn lásán nìyí." Ó kà á fún mi bó ṣe tọ́, bí dókítà. Lẹ́yìn náà ló bèèrè, "Gbogbo rẹ̀ lẹ fà jáde?"

Ni mo bá rántí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo ṣe sáré, àwọn ọlọ́kadà dúró wò mí. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣubú lulẹ̀, tàwotàwo, tìkòkòtìkòkò, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan funfun ti hu sí i lára bíi ti búrẹ́dì tó bu. Ṣùgbọ́n okùn ṣì wà níkùn rẹ̀, ó ṣì dúdú.

Gideon gbà á lọ́wọ́ mi. Ó tú u, ó nù ún, ó jẹ́ kó gbẹ, ó bá a so orí rẹ̀ tí mo gé. Ó wá ẹ̀rọ àtijọ́ kan lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò àlòkù, ó tún un ṣe. Nígbà tó pè wá, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni ohun tó burú.

"A ti dá a padà síbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó fà á, Màmá. Ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń wà lóde. Ìpè ìrun náà ti lọ sóko. Ìgbà oúnjẹ ló kù síbí."

Ramlah mi orí. Ó fi ọwọ́ sórí ikùn rẹ̀. "Is he talking? Níbi oúnjẹ yẹn?"

"Wọ́n sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, mo rántí. Ẹ gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni okùn yìí máa gbà kọjá. Bó bá já, ó já nìyẹn. Mi ò ní fún un rárá. Bó ṣe tóbi tó ni kọ̀ǹpútà á ṣe gbé e."

"Má fún un," mo ní, "kódà kó tóbi tó ìdí mi."

Ramlah rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹ̀rọ náà ké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìlà funfun ń kọjá lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àgbàlá wa yọ. Ẹ wò ó! Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára fìlà Shamsu. Mo rí òógùn níwájú orí rẹ̀. Ẹnìkan pè é láti ẹ̀gbẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì sì jìn wọnú. Pléètì ti fún èyí dànù, a ò rí i rí láti ọjọ́ yìí. Ramlah gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tirẹ̀, níbi tó ti jìn.

Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ariwo àwo. Ohùn Gideon dé, ohùn ọ̀dọ́: "Ẹ̀gbọ́n Shamsu, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ tí á fi gbọ́ lọ́jọ́ iwájú."

Shamsu wúkọ́. Ó wo inú kámẹ́rà, ó wo ojú wa tààrà.

"Ramlah, ọmọ mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ rí bó ṣe máa ń rí, rírẹlẹ̀, bí ẹni ń bá ẹni tó ń sùn sọ̀rọ̀. "Bí o bá dàgbà, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé..."

"Gideon! Gideon oníkámẹ́rà!" Ohùn kan ya wọlé bí ẹ̀rọ ìlọta. Kò sí orin wákà tó máa bò ó mọ́. "Ṣé torí ẹnu Shamsu ni mo ṣe pa ewúrẹ́? Kúlà ẹran mi ni kí o wá yà!" Ìdí mi wọlé, funfun, gbàràgàdà. Ó bo ọmọ mi mọ́lẹ̀. Mò ń jó.

Láti ẹ̀yìn mi, a gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi."

"Wàá parí ẹ̀ lọ́la! Ṣé kò ní sí ọ̀la ni?"

Kámẹ́rà yí sí kúlà. Ẹran. Èéfín oúnjẹ. Ọwọ́ mi tó ń fi ṣíbí han gbogbo ayé. Títí okùn fi tán, kámẹ́rà kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Gideon pa ẹ̀rọ. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní gbogbo rẹ̀ ti wọlé, kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀.

Ramlah yíjú sí mi. Ọmọ tí kì í sọ Yorùbá kí ó má fi Pidgin lú u, kò fi ẹyọ kan sí i lọ́jọ́ náà.

"Màmá," ló wí, "kí ni wọ́n fẹ́ kí n mọ̀?"